Ẹran Tó Ń Padà Wá Sílé Ìdáná

Tí ẹ bá wọ yàrá mi ní Maitumbi, ní Minna níbí, ẹ ó rò pé ọ̀gá àwọn alásè ló ń gbé ibẹ̀. Ìwé ìdáná ni mo tò sórí pẹpẹ, ìwé ìdáná ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó ṣẹ́kù sì wà nínú àpótí, níbi tó yẹ kí aṣọ ọkọ mi wà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tàn yín jẹ o. Ìwé ẹni tó ń dáná gan-an máa ń ní epo lára, ojú ewé rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Tèmi mọ́ fínnífínní. Orí ibùsùn ni mo ti ń kà wọ́n bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé ìfẹ́, màá máa dá nìkan gbé itọ́ mì.

Ọkùnrin Hausa kan wà lẹ́bàá ọjà Kure tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá ńlá kan nílẹ̀. Bó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, á pariwo, "Hajiya mai littafi, barka da zuwa!" Èmi tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, tí n kò mọ ọ̀nà Mẹ́kà, mo ti di Hajiya oníwèé. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti na ìwé tó ní àwòrán abọ́ ọbẹ̀ lára sí mi, ó ti parí, owó tòmátì ti bọ́ sápò òun nìyẹn. Àìmọye ìgbà ni mo lọ ra èlò ọbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwé ọbẹ̀ ni mo gbé bọ̀. Ọkọ mi á wo inú àpò, á tún wò mí lójú. "Ṣé ká bọ eléyìí ni, àbí ká dín in?"

Èyí tí mo fowó rà ṣì dáa. Mo ti fa ojú ewé kan ya rí nínú ìwé ìròyìn ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Tudun Wada, tí mò ń wúkọ́ kí wọ́n má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Mo wúkọ́ títí onídìrí fi sáré bu omi wá fún mi, tó ń kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Àkàrà. Bí wọ́n ṣe ń dín àkàrà! Èmi, ọmọ Ọ̀ffà, mo jalè nítorí àkàrà.

Ibi tí mo bá ara mi dé nìyẹn nígbà tí bàbá mi wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ti kú, Bàbá wá ń dá gbé ní Ọ̀ffà, búrẹ́dì àti tíì ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Lọ́jọ́ kan aládùúgbò bá a nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ṣubú sí, kò lè dìde. Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní bàbá mi ò ní dá gbé mọ́ láyé. A lọ gbé e wá sí Minna. Ó tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n ó sọ tẹnu rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀: "Màá wá wò ó ná. Bí ilé yín bá gbà mí, màá dúró. Bí kò bá gbà mí, ẹ ó dá mi padà sílé mi."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn lábẹ́lẹ̀. Mo ní ṣé oúnjẹ ni? Àṣé Ọlọ́run ló ti ń pèsè mi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Mo kó àwọn ìwé jáde, mo gbọn eruku ara wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo fi omi àgbọn se ìrẹsì, mo tò ó sínú abọ́ bó ṣe wà nínú àwòrán, mo fi tiréè gbé e lọ fún Bàbá ní yàrá rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ Bàbá lẹ́nu tó bá ń jẹun. Pálọ̀ ni àwọn ti ń jẹ tiwọn, kálukú pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi sọ̀rọ̀ gan-an lórí kòkòrò àìsàn tó ń wà nínú abọ́ ẹlòmíràn, mo sì ti kà á sí wọn létí títí wọ́n fi há a sórí.

Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn ló lọ gbé abọ́ bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Mama, Baba bai ci naman ba fa." Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Mo ṣí abọ́. Lóòótọ́ ni, ìrẹsì ti tán pátá, ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ ẹran. Ègé tó tóbi jù lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn, tó ń wò mí.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ní ẹran yìí ló le. Mo jẹ ẹ́ wò, kò le. Lọ́jọ́ kejì mo yí ìwé padà, mo se ọbẹ̀ elégédé àwọn Hausa, taushe. Ọbẹ̀ tán, ẹran padà wá. Mo se ẹja, Bàbá jẹ orí, ó fi àárín tó lẹ́ran sílẹ̀. Tí mo bá sì bi í pé báwo ni oúnjẹ, á ní, "Ó dùn, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa fún ẹ ṣe." Mo ní ẹ gbọ́ irọ́ àgbà! Ọmọlúàbí ló ń dà á láàmú. Màá gbé abọ́ dúró nídìí síìńkì, màá ṣí ìwé, màá máa jẹ ẹran náà díẹ̀díẹ̀ kí n lè mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. N kò rí àléébù kankan. Bùbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ìgbà tó yá Bàbá ní kí a wá ọkọ̀ fún òun lọ́jọ́ Sátidé, òun fẹ́ lọ wo ilé. Mo mọ ohun tí "wo ilé" túmọ̀ sí. Ẹ̀yìnkùlé tí Bàbá ti ṣubú yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọkọ mi ní, "Bóyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ o." Mo jágbe mọ́ ọn. Kí lòun mọ̀ nípa oúnjẹ?

Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo lo gbogbo agbára mi. Adìyẹ tí wọ́n fi omi ọsàn àti oyin sè ni, inú ìwé mi tó wọ́n jù ni mo ti mú un. Mo lúgọ sẹ́yìn kọ́tìnnì láti wo Bàbá. Ó jẹun, ó lá ìka, ó mirí. Mo ní Ọlọ́run ṣeun! Àfi bó ṣe mú itan adìyẹ, tó rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi abọ́ bò ó.

N kò mọ ìgbà tí mo já wọlé. Mo kúnlẹ̀, omijé ti wà lójú mi. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún ẹran tí ẹ fi ń kọ̀ ọ́?"

"Ta ló kọ ẹran?" Ó yà á lẹ́nu. "Ti àwọn ọmọ ni. Látọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń fi í sílẹ̀ fún wọn. Màá wo ẹnu ọ̀nà títí, wọn ò ní wá. Èyí kékeré á kàn gbé abọ́, á sì sá lọ. Mo ní kò burú, wọn ò mọ̀ mí. Ọmọ tí kò lè jẹ àjẹkù ẹni, àlejò la jẹ́ sí i. Àlejò kì í sì í pẹ́ jù nílé onílé."

Háà! Èmi! Èmi tí mo fi àjẹkù bàbá yìí dàgbà! Ní Ọ̀ffà, bó bá ti ń jẹun, ẹ̀yìn àga rẹ̀ la máa ń tò sí, èmi ni ẹnu mi sì máa ń yá jù láti sọ pé, "Bàbá, ẹ ti yó!" Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Gbogbo ìwé tí mo kó jọ, ẹyọ òwe kan yìí ni mo gbàgbé.

Bàbá wá rò ó. "Ta ló wá ń jẹ ẹran ọ̀hún?"

N kò lè purọ́ lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, sà."

Ó wò mí, ó wo bùbá mi. Ó ní, "Mo rí i."

Mo pe ọmọbìnrin mi. Bàbá na itan adìyẹ sí i, ọmọ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Mọ́mì, ẹ ní kòkòrò wà nínú abọ́ ẹlòmíràn." Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Mo ní kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀, gbà, kí o dúpẹ́. Ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ là. "Kai! Akwai dadi!" Ó ní ó mà dùn o. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Ó ya díẹ̀ lára ẹran náà, ó ní kí èmi náà gba tèmi. Mo jẹ ẹ́ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. N ò tiẹ̀ rántí wò ó bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Ní Sátidé, awakọ̀ dé, ó ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Bàbá ní kí wọ́n lọ sọ fún un pé kó máa lọ, òun ṣì ń jẹun. Ọmọ mi ti jókòó ti ẹsẹ̀ Bàbá, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹran. "Baba, ya isa haka!" ó ní, ó ti tó báyìí. Abọ́ tí wọ́n gbé padà wá bá mi nílé ìdáná lọ́jọ́ náà, egungun nìkan ló wà nínú rẹ̀.