Yẹ́ẹ̀sì Tí Mo Fi Dá Ọmọ-ọmọ Mi Lóhùn

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin mú ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn kó wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi ní Fìdítì, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún mi: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ Yorùbá o. Ẹ ó ba Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ jẹ́." Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Èmi tí mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni kí n wá máa sọ? Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mi ò mọ ohun tó kó jáde nílé mi tó ń tì í lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tó tẹjú mọ́ mi, mo mọ̀ pé ìbéèrè ni, màá ní, "Yẹ́ẹ̀sì." Bí a ṣe ń dá àwọn tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wa lóhùn níbí nìyẹn. Bí a bá ní nóò, wọ́n á tún bi wá pé kí ló dé.

Lọ́jọ́ náà, mo ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó dúró síwájú mi, ó sọ nǹkan, ó nawọ́ sí ọ̀nà títì. "Mọ́mì" nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. "Yẹ́ẹ̀sì," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré wọlé. Inú mi dùn pé mo dá a lóhùn dáadáa.

Nígbà tí mo wọlé, kò sí ọmọ, kò sí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Títì tí tírélà ń gbà kò jìnnà sílé wa. Mo ké gbàjarè. Àwọn aládùúgbò tú jáde, wọ́n ń pè é kiri: "Máa bọ̀ o, ìyá àgbà ń wá ẹ!" Yorùbá ni wọ́n fi ń pè é! Bó tilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, kò ní mọ̀ pé òun ni. Mo ń sáré, mo ń sunkún, mo ń bú ìyá rẹ̀, mo ń bú ara mi. Mo bẹ Ọlọ́run kó gba ẹ̀mí mi dípò tirẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìbàdàn la ti rí i. Ìyá kan tó ń ta ọ̀pẹ̀-òyìnbó dì í lọ́wọ́ mú, ọmọ náà ń jà, ó ń ké.

"Mo bi í títí pé ọmọ ta ni, kò fèsì," ni ìyá náà wí. "Mo ṣáà ní kò ní wọ mọ́tò lójú mi."

Tíṣà obìnrin kan tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó wá kọjú sí mi. "Mà, ó ní òun bi yín bóyá kí òun lọ bá mọ́mì òun, ẹ sì ní kí òun máa lọ."

Mo kúnlẹ̀ níwájú tíṣà, èmi àgbàlagbà. "Ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ ní mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí mi lọ. Ẹ ní kó má fi mí sílẹ̀ mọ́."

Tíṣà rọra sọ ọ́ fún un. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó nu ojú rẹ̀, ó sì dì mọ́ tíṣà.