Ó Dáa

Iṣẹ́ ọkùnrin tí mò ń wí yìí ni kó máa kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ohùn èèyàn. Ẹ̀rọ náà mọ̀wé bí ẹni máa kú, ó sì lè ro ọ̀rọ̀ láti ìdí dé òkè, ṣùgbọ́n tó bá kan ohùn, adití ni. Ọkùnrin yìí ló ń tọ́ ọ sọ́nà, òun ló sì ń máàkì ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀gá Elétí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ó sì rò pé oríkì ni. Ẹ gbà mí! Etí tí kì í gbọ́ ti ilé.

Rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹnu wọn wọ́. Ìyàwó ní kí àwọn gbé wọn wá sí yàrá kejì. Ọ̀gá ní ká má rí i. Yàrá tóun lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀ kó lè pa rọ́rọ́ fún iṣẹ́ òun? Àbúrò ìyàwó ò sí ni? Obìnrin bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, Ọ̀gá tún kọ̀. Ìyàwó dákẹ́ títí, kó tó ní, "Ó dáa."

Inú Ọ̀gá dùn. Ó ti fi fóònù gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa mú ohùn wá látilé. Níbi iṣẹ́, ó gbé e fún ẹ̀rọ pé kó wá gbọ́ bí ìyàwó gidi ṣe ń gbà fún ọkọ.

Ẹ̀rọ fèsì: "Obìnrin yìí kò gbà. Ó dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù, mo sì gbọ́ bó ṣe ń fa síìpù báàgì. Ó jọ pé ó fẹ́ lọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé òdo fún ẹ̀rọ, ó ní ẹni tó bá ti sọ pé ó dáa ti gbà nìyẹn. Wọ́n ní ẹyẹ kì í wí fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Èyí, wọ́n wí fún un, ó ní irọ́ ni. Ọmọdé tó gbédè yìí mọ̀ pé "ó dáa" tí obìnrin bẹ̀bẹ̀ títí kó tó sọ, kì í ṣe ti ire. Olórí kunkun lásán-làsàn.

Nígbà tó délé, kò bá aṣọ ìyàwó kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó pè é lórí fóònù, ó ń jágbe pé ṣebí àwọn jọ fẹnu kò. Ohùn àgbàlagbà kan ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ìyàwó nínú fóònù, ọ̀rọ̀ ò já gaara. Ìyàwó ò bá a jà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná," ó ní. "Màmá mi ń sọ̀rọ̀, mo fẹ́ gbọ́ wọn."

Ó sì pa fóònù.