Ojú Kọ̀ǹpútà Tí A Pa Nítorí Àdúrà

Ní oṣù díẹ̀ kí ọdún ẹgbàá tó wọlé, mo ń bá ọ̀gá kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo ṣiṣẹ́. Bó bá ti tà á fún ẹnikẹ́ni ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkúkù, èmi ni mo máa ń mú síídì kan dání lọ, kí n fi àtúnṣe tó wà nínú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tuntun náà. Wọ́n ní láìsí àtúnṣe yẹn, bí ọdún bá yí, kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn la wà. Mo ti dán an wò fúnra mi: òótọ́ ni fún àwọn ẹ̀rọ kan, kì í ṣe fún gbogbo wọn. Àwọn tó ń sọ pé bàálù yóò máa já bọ́ láti ojú ọ̀run, n kò rí ẹ̀rí tiwọn.

Íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó bá wà nínú síídì náà ló wà. Ẹ̀rù tó sì ń bà mí ni pé bí iná bá lọ nígbà tí àtúnṣe ń wọlé lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà lè má jí mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan ní Inísà. Ìbàdàn la gbé e lọ, ó sì pẹ́ kó tó padà.

Obìnrin tí mo lọ bá ní Ìkìrun lọ́jọ́ Ẹtì kan kò lè fara da irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé ni. Ìwé ètò ìkórè ìjọ Onítẹ̀bọmi tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ lò ó. Àwọn kan nínú ìjọ ti ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Òṣogbo, òun ló dìde tó ní kọ̀ǹpútà òun yóò ṣe é. Mo béèrè bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nítòsí.

"Mo ti tà á," ló wí. "Ẹni tó ra mọ́tò, ṣé yóò tún so kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀ ni?"

N kò rẹ́rìn-ín. Bí èyí bá bàjẹ́, kò ní ohun tí yóò fi tẹ ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ kò ní gbé iṣẹ́ wá fún un mọ́.

Iná wà. Mo ti síídì bọ̀ ọ́, ìlà búlúù kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí n máa wo ìlà náà, ṣùgbọ́n gílóòbù tó wà lókè orí wa ni mò ń wò.

Ìgbà náà ni àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ wọlé, àgbàlagbà tó fún un ní yàrá iwájú ilé rẹ̀ kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, ohun tuntun wọlé, ẹ ò pè mí."

"Ẹ má bínú, Bàbá. A ní kó kọ́kọ́ múra ná ni."

"Àdúrà ló ń ṣáájú ìmúra."

Bàbá ṣí fìlà. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá fẹ́ gbàdúrà, nǹkan mìíràn kì í pariwo níbẹ̀. Obìnrin náà pa rédíò, ó pa fáànù, ó wá na ọwọ́ sí ara ògiri níbi tí iná kọ̀ǹpútà ti ń wá.

"Ẹ má pa á, mà!"

Mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n tó mọ̀, ọwọ́ obìnrin tó tó bí mi. Bàbá wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Òṣogbo ni wọ́n ti rán an wá, Bàbá. Ó ti jáde yunifásítì."

"Ṣé wọn kì í pa nǹkan fún àdúrà ní yunifásítì ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ti là á, wọn ò tíì rán an."

"Tí a bá pa á, ṣé yóò kú ni?"

"Ó lè kú, sà. Mi ò lè sọ pé dandan ni."

"Ó lè kí ni?" Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ẹ ò sọ fún mi pé ó lè kú!"

Bàbá ṣì mú fìlà dání, ó ń dúró. Mo na ọwọ́, mo tẹ bọ́tìnnì ojú kọ̀ǹpútà, ojú náà sì ṣókùnkùn.

"Yéè! Ó ti kú!"

"Ojú ẹ̀ nìkan ni mo pa, mà. Inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Bàbá tẹ́tí sílẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú ẹ̀rọ náà kò dúró. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ojú la pa, etí ẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kóun náà gbọ́ àdúrà."

Àdúrà náà gùn. Ó kárí ilé, ó kárí ìlú, ó dé oko rẹ̀ ní Ẹ̀kọ́ Ẹ̀ńdẹ́. A ti di ojú, mò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni etí mi wà. Lójijì, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà dákẹ́. Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: àtúnṣe ti parí tí ẹ̀rọ fẹ́ tún ara rẹ̀ tàn, tàbí iná ti lọ. Mo la ojú kan wo òkè. Gílóòbù ṣì ń tàn. Ìyẹn kò tíì tó ẹ̀rí. Ó lè há sáàárín.

"Pìì!"

Bàbá dánu dúró díẹ̀. "Òun náà ti ṣe àmín," ló wí, ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà. Obìnrin náà ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Bàbá ló pàṣẹ: "Ẹ là á lójú." Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú náà dúdú díẹ̀, ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo àwòrán kéékèèké rẹ̀ jáde, wọ́n pé. Mo yí ọjọ́ rẹ̀ síwájú wọ ọdún ẹgbàá, mo sì rí i pé kò ṣìnà, mo wá dá a padà.

N kò kúrò níbẹ̀ títí ìwé àkọ́kọ́ fi jáde lára ẹ̀rọ kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà náà tẹ ìwé, tí àkọlé ìkórè wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Obìnrin náà gbé e fún Bàbá kí ó kọ́kọ́ rí i. Ó ṣì gbóná lọ́wọ́ Bàbá.

Lọ́jọ́ Ajé, ní Inísà, kí n tó yọ síídì nínú àpò, mo béèrè ẹni tó jẹ́ àgbà ilé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá gbàdúrà fún wa. Ìyá kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi orí. "Ẹ wo ọmọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run," ló wí. Mo ń wo gílóòbù.