Iná Aláràbarà Lábẹ́ Alùpùpù Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé kan ni bàbá mi pè mí lórí fóònù láti Ìrókò. Wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè bí Ajíbódé tí mò ń gbé ti rí, wọ́n wá dákẹ́. Mo ti rò pé ìpè náà já ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí wọ́n ní, “Iná tí àwọn ọlọ́kadà máa ń so mọ́ abẹ́ máṣíìnì wọn, èyí tó máa ń yí àwọ̀ padà, ṣé wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín?”

Mo ní, “Wọ́n ń tà á, sà. Ta ló fẹ́ rà á?”

“Èmi ni.”

Ẹni tó bá mọ bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí máa yà lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó padà sí Ìrókò lọ máa gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ẹ̀wù wọn kì í kọjá àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀. Ní ìjọ Kérúbù, níbi tí wọ́n ti jẹ́ alàgbà, àwọn ni wọ́n máa ń rán sí ọ̀dọ́ tí ìmúra rẹ̀ bá ti ń di fáàrí. Alùpùpù wọn dúdú, kò sí àmì kankan lára rẹ̀, wọ́n sì máa ń nù ún láràárọ̀ bí ẹni ń nu tábìlì ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n wá kí mi ní Ajíbódé. Ọlọ́kadà tó gbé wọn wọlé láti ojú títì ti so irú iná yìí mọ́ tirẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń pa díẹ̀díẹ̀. Mo dúró títí, n kò rí wọn. Nígbà tí mo jáde, mo bá bàbá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà, tí wọ́n ń bi ọlọ́kadà ní ìbéèrè lóríṣiríṣi. Ọkàn mi kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà náà.

“Nítorí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ni,” wọ́n sọ fún mi lórí fóònù. “Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn kì í rí mi.”

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ṣe ní yàrá àyẹ̀wò kan ní yunifásítì, nítorí náà mo ní irinṣẹ́. Mo ra iná náà, mo sì gba Ìrókò lọ láàárọ̀ Sátidé. Iná ọ̀hún dàbí bẹ́líìtì róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n to gílóòbù wẹ́wẹ́ sí lára, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń lẹ̀ bí àtè. Bàbá mi ti gbé alùpùpù sábẹ́ igi fúrúùtù kí n tó dé. Wọ́n ti fọ abẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ kò kù níbẹ̀.

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wò wá, wọ́n wo iná, wọ́n ní, “Bàbá wọn, ṣé ìyàwó tuntun lẹ fẹ́ lọ fẹ́ ni?”

“Nítorí ọkọ̀ àjàgbé ni.”

“Ẹ kú ìbẹ̀rù ọkọ̀ àjàgbé.”

Ibi tí iná náà yóò ti máa gba agbára la ti kọ́kọ́ jiyàn. Bàbá mi fẹ́ kí n so ó mọ́ bátìrì tààrà. Mo ní kí a jẹ́ kó gba ọ̀nà kọ́kọ́rọ́, kó lè kú fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé pa á, bátìrì á kú sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Èmi kì í gbàgbé nǹkan.”

Ìyá mi kò gbójú sókè. “Dígí ojú tẹ́ ẹ ń wá láàárọ̀ ńkọ́, tó wà lórí yín?”

Ọ̀nà kọ́kọ́rọ́ la gbà.

Mo tú ìjókòó, mo bó ẹnu wáyà, mo fi fíúsì kékeré kan sí i kó má baà jóná, mo sì fi téèpù dì í. Bàbá mi lẹ iná náà mọ́ abẹ́ táǹkì àti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún un yí. Ojú wọn ṣe bákan, bíi ti ọmọdé tí wọ́n sọ fún pé òde kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Kò burú. Máṣíìnì náà ṣáà ń rìn.”

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Bí mo ṣe ń tọ wáyà kiri ni ọwọ́ wọn ṣèèṣì kan fèrè. Bí fèrè ṣe ké ni gbogbo abẹ́ alùpùpù tàn. Wọ́n ṣíwọ́, ó kú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Wáyà fèrè ni mo lọ so ó mọ́.

Ìyá mi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀ kó má baà dànù, ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n. “Ṣé báyìí lẹ ó máa fọn fèrè láti ibí dé ṣọ́ọ̀ṣì?”

Bàbá mi náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún fèrè náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jẹ́ kí n tú u. Mo wá wáyà tó yẹ, mo so ó. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, iná sì tàn, ó dúró.

Ó kù kí a mú àwọ̀. Bọ́tìnnì pọ̀ lára rìmóòtù rẹ̀. Bàbá mi ní kí a fi sí funfun, pé funfun ló yẹ alàgbà. Ìyá mi ní kí wọ́n fún àwọn náà tẹ̀ wò. Wọ́n tẹ pupa, wọ́n ní ó dàbí ọkọ̀ panápaná. Wọ́n tẹ àwọ̀ ewé, wọ́n mi orí. Wọ́n tẹ elésè àlùkò.

Bàbá mi ní, “Ẹ fi í síbẹ̀ ná.”

Nírọ̀lẹ́ bàbá mi gbé sùtánà funfun wọ̀, wọ́n ń lọ síbi àdúrà. Ìyá mi, tí wọ́n ti ní àwọn ò ní gun ohun tó ń tàn bí ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge, ti wà lẹ́yìn wọn kí wọ́n tó ní ó yá. Mo fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀hún, àwọn ará ìjọ ti rọ̀gbà yí alùpùpù ká, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí wọn sì dúró sí iwájú pátápátá.

Bàbá àgbà ní, “Alàgbà, kí lèyí?”

Mo ń retí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjàgbé. Bàbá mi la ẹnu, wọ́n pa á dé, wọ́n wo iná náà. Wọ́n wá ní, “Ẹ má bínú, sà. Ó wù mí ni.”

N kò gbọ́ kí bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀ rí, pé nǹkan kan wu àwọn. Bàbá àgbà yí alùpùpù náà po pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀.

“Ó dára,” wọ́n ní. “Ó dára gan-an. Ṣé ẹ lè gbé mi délé tá a bá ṣe tán?”

Lẹ́yìn àdúrà, èmi àti ìyá mi fẹsẹ̀ rìn padà. A ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ nígbà tí a rí iná elésè àlùkò tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, bàbá mi níwájú, bàbá àgbà lẹ́yìn, aṣọ funfun àwọn méjèèjì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Wọ́n ti kọjá ilé bàbá àgbà. Wọ́n dé iwájú ilé wa, wọn kò dúró. Bàbá mi juwọ́ sí wa, wọ́n sì forí lé ọ̀nà oríta.

Ìyá mi ṣí ìkòkò, wọ́n bu tèmi sáwo.

“Máa jẹun,” wọ́n ní. “Wọn ò ní tíì dé.”