Rásákì Tí Mi Ò Mọ̀ Rí, Tó Wà Lápá Mi

Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tí fínfín apá fi ojú mi rí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Ṣakí.

Sìfáwù lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Nígbà ọmọge wa, ohun tó wà lóde ni kí èèyàn fín orúkọ ara rẹ̀ sápá. Ọkùnrin kan máa ń gbé abẹ́rẹ́ àti ìgò dúdú wá sọ́jà. Èmi àti Àlímọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ bá a, a pe orúkọ wa fún un, ó ní òun ti gbọ́, ó sì fín wa lápá. Inú wa dùn! Àwa méjèèjì ò jókòó nílé ìwé rí. Bóyá àwọn tó mọ̀wé tiẹ̀ kà á, tí wọ́n rò pé orúkọ bàbá mi ni. Ta ló máa bi mí?

Nígbà tó yá, Múfútáù, àgbẹ̀ oníṣu, fẹ́ mi lọ sí Ṣakí. Òun náà ò mọ̀wé, àfìgbà tí wọ́n ṣí kíláàsì àgbàlagbà nítòsí ilé wa. Ìwé gbà á lọ́kàn. Páálí ìṣáná, àpò sìmẹ́ńtì, ara ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo rẹ̀ ló ń kà.

Lọ́jọ́ kan, mo ń gúnyán lọ́wọ́, mo rí i pé ó tẹjú mọ́ apá mi, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dìde, ó di apá náà mú, ó tún un kà.

"Ta ni Rásákì?"

Mo ní mi ò mọ Rásákì kankan. Ó ní orúkọ Rásákì ló wà lápá mi. Mo ní irọ́ ni, orúkọ mi ni, mo rò pé ìwé ọ̀hún ni ò tíì yé e. Ló bá lọ pe tíṣà wọn wá. Tíṣà wò ó, ó wo ọkọ mi, ó wolẹ̀. Ó ní Rásákì ni.

Bí ilé wa ṣe yí padà nìyẹn. Kò nà mí, kò bú mi. Ó kàn ń ṣọ́ mi ni. Bí mo bá pẹ́ lódò, á bi mí ẹni tí mo bá pàdé. Bí ọkùnrin bá kí mi lọ́nà, á fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọmọ wa sórí ẹsẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà títí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Èmi náà wá ń fura. Ṣé Àlímọ̀ ló bá ọkùnrin tó fín wa yẹn dìmọ̀? Àbí nǹkan míì ni wọ́n fi orúkọ yẹn ṣe sí mi lára? Mo di ẹni tó ń wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn Ṣakí.

Mo ní mo fẹ́ lọ bá Àlímọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi ní a ó jọ lọ ni. Mo mọ ìdí rẹ̀: kò fẹ́ kí n lọ kọ́ ọ lóhun tí á sọ.

Kí n tó kí Àlímọ̀ tán, ọkọ mi ti ní kó na apá. Ó kà á, ojú rẹ̀ le.

"Rásákì kan náà. Ẹ̀yin méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ ò yé Àlímọ̀ rárá. Nígbà tó yé e, ó ké sí obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní òdìkejì títì, tí òun náà fín apá. Ọkọ mi ka tirẹ̀: Rásákì. Ọlọ́ṣẹ yìí dàgbà jù wá lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ìgbà tí ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ló ti kà á fún òun, ojú ló ń ti òun láti sọ. Ó ní òun wá ọkùnrin náà lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nílùú.

"Rásákì lorúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀," ọlọ́ṣẹ ló wí. "Kò mọ òmíì kọ. Gbogbo wa ló kọ ọ́ sí lára."

Ọkọ mi wá ibi jókòó. Ó ní kí n má bínú. Àmọ́ ó ní orúkọ ọkùnrin ṣì ni, òun ò fẹ́ máa rí i nídìí ọbẹ̀.

Bá a ṣe lọ bá ìyá àgbà kan ní Àgọ́-Àmòdú nìyẹn, iṣẹ́ ara fínfín ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní kò ṣeé fọ̀, àfi kí àwọn fín alángbá bò ó. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi èédú yà á, kí n rí i. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀wé. Wọ́n ní àwọn ò mọ A. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀! Ọkọ mi dúró lé wa lórí, ó ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ náà bí ẹni pé lẹ́tà lè yọ́ jáde níbẹ̀. Ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, apá mi wú, ṣùgbọ́n nígbà tó jinná, alángbá dúdú ló kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà wọ kíláàsì. Ọjọ́ tí mo kọ orúkọ mi sí síléètì, tíṣà kà á, ó ní Sìfáwù ni. Mi ò gbà á gbọ́. Mo gbé síléètì délé, mo nà án sí ọkọ mi láìsọ nǹkan kan.

Ó kà á, ó wò mí. "Sìfáwù," ló wí.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí èèyàn má tijú láti ní kí ẹlòmíì bá òun ka ohun tí wọ́n kọ fún un, kó má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti kọ fún yín rí tó wá yàtọ̀ sóhun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ? Ẹ sọ tiyín, etí mi wà níbẹ̀.