Àlàájì Mojeed àti Ilẹ̀kùn Mọ́tò Tó Dì ní Tàbúkù

Ẹni tó bá ti gbé Karantínà ní Jẹ́dà, tí kò gbọ́ ìtàn Àlàájì Mojeed àti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, onítọ̀hún ò gbé Karantínà, ó kàn ń sùn níbẹ̀ ni. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló ń pín ìtàn náà kiri títí ọlọ́jọ́ fi dé. Gbogbo ìgbà tó bá sì sọ ọ́ ló máa ń bù kún ìwà òmùgọ̀ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni Àlàájì ń ṣe ní Ammáríyà, ní Jẹ́dà níbẹ̀. Ó ń gé kọ́kọ́rọ́, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀. Ó gbà pé kò sí ohun tí wọ́n tì láyé yìí tí òun ò lè ṣí. Jelilat ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìyá ọmọ náà ti kú láti kékeré rẹ̀, Àlàájì ló ń di irun fún un, òun ló ń mú un lọ sílé ìwé, títí ọmọ fi di nọ́ọ̀sì ní Tàbúkù, lókè àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti ń wọ eegun.

Nígbà tí Jelilat rí ọkọ, Yahya, ọmọ Ìwó tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, wọ́n dájọ́ pé wọ́n máa so yìgì ní Mẹ́kà lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Tẹbí tọ̀rẹ́ ní kí ìyàwó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Àlàájì ní rárá o, ọmọ òun ò ní bá àwọn tí òun ò mọ̀ rí wọkọ̀ lọ sílé ọkọ, mọ́tò òun lòun máa fi lọ gbé e.

Ó dé Tàbúkù nírọ̀lẹ́, ó rí i pé eruku ti bo mọ́tò. Ṣé inú eruku ni ìyàwó máa wọ̀? Ló bá pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fọ mọ́tò náà nírọ̀lẹ́ oṣù Jánúárì, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ní Jẹ́dà. Ẹ má bá a wí. Àwa ará Jẹ́dà, inú fìríìjì nìkan la ti mọ yìnyín. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá fẹ́ sí wa díẹ̀, a ó wọ súẹ́tà, a ó sì máa húkọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú. Ta ló sọ fún wa pé omi lè sùn sínú ihò kọ́kọ́rọ́, kó sì di òkúta mọ́ ibẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́?

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọjọ́ yìgì gan-an, Àlàájì ti wà níta, bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Ó tún un kì, ó kọ̀. Ọ̀gá àwọn oníkọ́kọ́rọ́ wá dúró níwájú mọ́tò ara rẹ̀ bí olè tí kò mọṣẹ́. Ọ̀nà jìn, bí wọn ò bá sì tètè gbéra, àwọn tó wá so yìgì á ti tú ká kí wọ́n tó dé Mẹ́kà. Bí bàbá ò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Bí ìyàwó ò bá sí níbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fà? Àwọn méjèèjì ló sì ń dúró de ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Àlàájì fi ẹnu fẹ́ ooru sí ihò náà. Ó ka Fátíà, ó tún fẹ́ ẹ. Aládùúgbò kan tó ń jẹ́ Abbas ń ti mọ́sálásí bọ̀, ó bá bàbá kan tó ń ṣàdúà sí mọ́tò bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ọmọ Tàbúkù ni Abbas, ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kí Àlàájì fi láítà mú kọ́kọ́rọ́ gbóná díẹ̀, kó wá rọra kì í bọ ihò. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àmọ́ ta ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn lórí kọ́kọ́rọ́? Àlàájì wọlé, ó bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì Sàmúsàmù, omi mímọ́ Mẹ́kà, tó gbé wá fún ìyàwó, ó sè é, ó sì gbé e jáde.

“Yá Háj, ẹ má da omi sí i,” ni Abbas wí, “ó tún máa dì ni.”

“Èyí kì í ṣe omi,” ni Àlàájì dá a lóhùn, “Sàmúsàmù ni.”

Sàmúsàmù náà dì. Omi ìbùkún ni lóòótọ́, àmọ́ Ọlọ́run ò ní ká máa fi ṣe agídí.

Oòrùn ti ń yọ kí Jelilat tó jáde tòun ti ife tíì. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí mọ́tò ti sún mọ́ ògiri, tí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ò dé. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ilẹ̀kùn sì ṣí wẹ́rẹ́.

Bí Àlàájì bá sọ ọ́ débí, á wojú gbogbo wa. Á ní gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni ẹlẹ́ni, òun ò mọ̀ pé mọ́tò òun ju ilẹ̀kùn kan lọ.

Wọ́n dé Mẹ́kà nígbà tí àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn. Ìmáàmù ní kí Àlàájì sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé òun fi ọmọ òun fún Yahya. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí yìnyín ṣe ń wọ inú irin. Ìmáàmù bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ fọmọ fọ́kọ ná.

Láti ìgbà náà ló ti ń so láítà mọ́ kọ́kọ́rọ́ gbogbo oníbàárà, nínú ooru Jẹ́dà tó ń yọ́ bàtà mọ́ni lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan, Hind, bi í pé kí lòun fẹ́ fi láítà ṣe. Àlàájì ní òun náà ń béèrè bẹ́ẹ̀ kóun tó dé Tàbúkù. Yìnyín inú ìtàn náà sì ń dàgbà. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú ihò kọ́kọ́rọ́ ló wà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́kà fi wá gbọ́ tiwọn, ó ti bo mọ́tò mọ́lẹ̀, Àlàájì sì ti ń fi ṣọ́bìrì wá a.

Ọdún tó kọjá ló kú. Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe ń tọrọ rẹ̀. Lọ́jọ́ àdúà fìdáù, ilé kún ní Karantínà, ẹnì kan sì dá ìtàn mọ́tò sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Yahya rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Jelilat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, a sì rò pé ìbànújẹ́ ni.

“Bàbá mi mọ̀ nípa ilẹ̀kùn kejì,” ló wí.

Ó ní òun wà lójú fèrèsé ní ìdájí ọjọ́ náà. Òun rí i tí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí bàbá òun sì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lójú ẹsẹ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn, tó wọ inú mọ́tò. Bàbá òun jókòó síbi tí òun ìyàwó máa jókòó sí, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó rọra ti ilẹ̀kùn náà pa, ó padà síwájú èyí tó dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.

A bi í pé kí ló dé tí kò pe bàbá rẹ̀, nígbà tó mọ̀ pé àwọn èèyàn ń dúró ní Mẹ́kà.

“Mo fẹ́ pe bàbá mi,” ni Jelilat wí, “àmọ́ èmi náà ò tíì fẹ́ lọ. Mo padà wọlé, mo lọ gbé omi tíì kaná.”