Ìbéèrè Tí Ó Ní Ká Bi Òun

"Kọ́mà" ni mo fi ń rántí olùkọ́ tó kọ́ wa ní bí èèyàn ṣe ń ronú, kọ́ọ̀sì tó pọn dandan fún gbogbo ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì wa l'Ábújá. Á máa pe ìwé rẹ̀ tó ti gbó fún wa kọ, tòun ti kọ́mà. Tẹ́nì kan bá nawọ́ sókè láti béèrè nǹkan, olùkọ́ á ní: "Ṣé ìwọ ló ń kọ́ mi ni?"

Nígbà tí wọ́n ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè ìbéèrè ní kíláàsì, ó ní ká to àga yí ká. Ó wá pe ìbéèrè tí a máa bi òun fún wa kọ. Ẹ wo ẹ̀kọ́ ríronú!

Lọ́jọ́ náà, mo ka tèmi geere. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó tì mí béèrè èyí tí kò sí nínú ohun tí a kọ: "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í jẹ́ ká bi yín ní nǹkan?" Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìbéèrè tó dáa." Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ̀rẹ́ mi fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì yẹn. Èmi gba A. Ní báńkì tí mo wà báyìí ní Maitama, tí ọ̀gá mi bá ní, "Kí lo rò sí i?", bírò lọwọ́ mi ṣì máa ń wá, bí ẹni pé ọ̀gá fẹ́ pe ìdáhùn fún mi kọ.